Ó-ti-yé-mi àti Orin Ìyá Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún fóònù ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ já fáfá, ṣùgbọ́n kò ní etí ìgbọ́ràn. Bí o bá la ẹnu láti ṣàlàyé nǹkan fún un, kó o tó sọ ọ́ débì kan, á ti ní, "Ó ti yé mi." Bẹ́ẹ̀ làwọn ará àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Ó-ti-yé-mi, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn.

Ó fi àwọn ẹ̀rọ àlòkù dá sítúdíò kékeré sílẹ̀ nínú ilé. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri yàrá ìyá rẹ̀, ó gbé máíkì síbẹ̀, ó sì fa wáyà rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wá sí pálọ̀. Máíkì kejì wà lórí tábìlì tirẹ̀, èyí tí yóò máa fi bá olórin sọ̀rọ̀. Wáyà méjèèjì wọ inú àpótí kékeré kan tó ní ihò méjì, àpótí náà ló ń gbé ohùn lọ sínú kọ̀ǹpútà.

Bàbá arúgbó tó ta àpótí náà fún un kìlọ̀ pé, "Ohun tó o gbọ́ létí kọ́ ni kọ̀ǹpútà ń gbà o. Ihò tó o bá yàn fún un nìkan ló ń gbọ́. Kí olórin tó dìde, rí i pé o gbọ́..."

"Ó ti yé mi, bàbá."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n tara rẹ̀ nìkan ló tó ọkùnrin yìí.

Kò pẹ́, àìsàn ọ̀nà ọ̀fun mú ìyá rẹ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, àti pé ìyá lè má sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Orin kan wà tí ìyá fi rẹ gbogbo ọmọ rẹ̀ lẹ́kún. Ìyá tirẹ̀ ló kọ́ ọ, òun nìkan ló sì mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ó wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó kọ ọ́ tán pátá. Àpótí ń gba inú hẹ́dífóònù gbé ohùn náà bọ́ sí Ó-ti-yé-mi létí tààrà, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ní, "Jẹ́ ká gbọ́ díẹ̀ ná, kí màmá tó lọ sinmi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ṣebí mo gbọ́ ọ! Ó ti yé mi."

Kò wò ó pé ihò máíkì orí tábìlì tirẹ̀ lòun yàn fún kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí, ṣùgbọ́n ohùn lọ. Lọ́jọ́ tí ìyá padà délé, ó jókòó, ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín. Ó-ti-yé-mi tan orin. Ariwo àga ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ohùn òun fúnra rẹ̀: "Màámi, ó dùn gan-an. Ẹ máa kọ ọ́ lọ." Gbogbo rẹ̀ wá pa lọ́lọ́. Ó tún gbọ́ ohùn ara rẹ̀: "Ẹ tún ibẹ̀ yẹn kọ." Kò sí èsì. Ìyá ṣì ń fi ìka lu orúnkún, ó ń dúró de ohùn tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́kún. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Títí dòní, àárò ohùn ìyá ń sọ ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ìyá jókòó tì í. Ìlà méjì péré ló rántí nínú orin náà. Bó bá gbìyànjú ìkẹta, ìyá á mi orí pé kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì lè sọ bó ṣe rí fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka èyí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ sọ̀rọ̀ parí kẹ́ ẹ tó ní ó yé yín. Ẹ yẹ iṣẹ́ yín wò nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe, pàápàá bó bá jẹ́ pé nǹkan tí kò ní èkejì lẹ gbà sọ́wọ́. Ẹni tó ń fi ohùn ara rẹ̀ bo tàwọn ẹlòmíràn, ohùn ara rẹ̀ náà ni yóò kù fún un.