Ààrẹ Tí A Dìbò Yàn Ṣubú Lulẹ̀

Láàárọ̀ yìí, mo ń fi kànìnkànìn ha gìgísẹ̀ mi nígbà tí ẹ̀rọ ọwọ́ mi pariwo: “Bọ́ládalẹ̀, ààrẹ tí a dìbò yàn, ti ṣubú lulẹ̀. Adelé, ẹ múra.”

Èmi ni adelé. Ẹ̀rọ ló ṣa orúkọ mi láàárín àwọn arúgbó ìlú, bí òfin ṣe wí: bí ẹni tí a yàn bá kú kó tó búra, èmi ni màá gorí àga títí a ó fi dìbò mìíràn. Èmi tí mo máa ń sùn nínú ìpàdé, tí mo sì ń hanrun.

Ọkọ̀ òfúrufú kékeré ti balẹ̀ ságbàlá, ó tú àwọn adìyẹ mi ká. Mosúnmọ́lá, ọmọ ọmọ mi, mú gèlè wá. “Màmá àgbà, ẹ jẹ́ kí n wé e fún yín. Ààrẹ kì í wọ ṣìmí jáde.”

“Fi gèlè sílẹ̀. Ṣé Bọ́ládalẹ̀ ń mí?”

Mosúnmọ́lá tan àwòrán sára ògiri. Ààrẹ wa na gbalaja lóòótọ́, àmọ́ iwájú ìyá ìyá rẹ̀ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n ń kì í lọ, wọn ò sì tíì ní kó dìde. Ẹ̀rọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ rò pé ó ti kú.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi àti níbòmíràn. Mo pè é.

“Bọ́ládalẹ̀, títí di ọjọ́ ìbúra, ẹni tó o bá fẹ́ kí, tẹríba fún un lórí ìdúró. Bó bá bínú, ní kó wá bá mi.”

“Ẹ ṣeun, Màmá.”

“Má dúpẹ́. Ṣáà máa mí.”