Dókítà Tó Dárúkọ Àìsàn, Tí Kò Sọ Ohun Tó Rí

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ìtàn yìí tì ní ìdajì ọ̀nà. Ẹ kà á dópin, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ipò ti ń gùn lórí, nítorí ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi wà.

1.

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì dà bí ọmọ tó ń rákò, tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Ìkẹ́rẹ́, dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bándélé. Ó ti ṣe tíṣà rí kó tó lọ kàwé ìṣègùn lókè òkun. Nígbà tó padà, ó kó ẹ̀rọ EEG bọ̀. Wọ́n ń lẹ wáyà rẹ̀ mọ́ orí aláìsàn, á sì máa fa ìlà gbágungbàgun sórí bébà bí ọpọlọ bá ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní gbogbo agbègbè náà, òun nìkan ló lè ka ìlà ọ̀hún. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé orí rẹ̀ á wú.

Adéyínká, ọmọbìnrin tó kọ́ ní bàọ́lọ́jì rí, ti di dókítà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan n'Ìbàdàn, ó mú ìròyìn bọ̀.

"Sà, wọ́n ti ń tún ọ̀nà tí à ń gbà ròyìn ìlà yìí ṣe, kí gbogbo dókítà lè máa sọ ọ́ bákan náà. Ká má kọ́kọ́ dárúkọ àìsàn. Ká sọ ohun tójú rí: apá ibo lórí ló wà, báwo ló ṣe ń yára sí, ṣé ó ń yí padà. Dókítà tí kò sí níbẹ̀ á lè fi ìyẹn mọ ohun tó máa ṣe."

Bándélé rẹ́rìn-ín. "Yínká, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ta ló kọ́kọ́ fi àwòrán ọpọlọ hàn ọ́ nínú ìwé?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó parí."

2.

Mojírádé, àbúrò Bándélé, ń ṣe tíṣà ní Àgbàdo-Èkìtì. Kíndìnrín ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́. Lọ́jọ́ kan, gìrì gbé e lulẹ̀ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Elijah ọkọ rẹ̀ sáré gbé e wá s'Ìkẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ dá gìrì náà dúró, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò lajú.

"Bọ̀dá," ni Elijah wí, "mo pè é, kò dá mi lóhùn. Àwọn ọmọ ń retí rẹ̀ ní ulé. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Bándélé lẹ wáyà mọ́ àbúrò rẹ̀ lórí. Nínú ìlà tó ń gùn tó ń sọ̀ lórí bébà, ó rí irú ìgbì kan tó ti rí lára àwọn alárùn kíndìnrín lókè òkun. "Ẹ̀gbin inú ẹ̀jẹ̀ ló dà á lórí rú. Bí kíndìnrín bá ti fara balẹ̀, á jí."

Ṣùgbọ́n Adéyínká kò gbójú kúrò lára bébà. "Sà, ẹ wo apá òsì yìí. Ìgbì náà ń yára sí i, ó ń ràn ká, ó ń rọlẹ̀, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Ó jọ pé gìrì ṣì wà nínú ọpọlọ wọn, ara ni kò gbọ̀n mọ́."

Bándélé wo ibẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín: ó rí i. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ń wò ó, àna rẹ̀ ń wò ó. Ṣé ọmọ tó kọ́ ni yóò wá máa tọ́ ọ sọ́nà lójú wọn?

"Mo ti sọ ohun tó jẹ́," ló wí.

Adéyínká dákẹ́. Nílẹ̀ wa, a kì í já olùkọ́ ẹni nírọ́ níwájú àna rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé dára púpọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀kọ́ ilé ló dí i lẹ́nu.

3.

Elijah ò sinmi ẹ̀bẹ̀. Ó ní kí Bọ̀dá ṣáà pe ọsibítù ńlá kan ní ìpínlẹ̀ tó múlé tì wá, níbi tí ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí wà, pẹ̀lú oògùn tó lè ká gìrì ọpọlọ. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló kù fún wọn níbẹ̀. Bándélé lọ sápá Òkè Olósùnta, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé. Adéyínká tẹ̀lé e.

"Ẹ ròyìn ohun tẹ́ ẹ rí fún mi, sà," ni dókítà ibẹ̀ wí. "Apá ibo ló wà? Ṣé ó ń yí padà?"

"Kíndìnrín ni."

"Èrò yín nìyẹn, sà. Ohun tójú yín rí ni mò ń béèrè."

"Ọjọ́ wo lo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí? Mo ní kíndìnrín ni."

Dókítà náà fèsì: "Tó bá jẹ́ kíndìnrín nìkan ni, ẹ máa tọ́jú wọn níbẹ̀ ná. Ẹlòmíràn ń dúró de bẹ́ẹ̀dì yìí."

Adéyínká nawọ́ sí fóònù náà. Bándélé ti pa á.

4.

Wọ́n tọ́jú kíndìnrín. Kíndìnrín fara balẹ̀, Mojírádé kò jí. Nígbà tí Bándélé fúnra rẹ̀ wá ń bẹ̀bẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì, tó ń ròyìn ìlà náà níkọ̀ọ̀kan bí ọmọ iléèwé, gìrì abẹ́nú ti ba ọpọlọ jẹ́.

Mojírádé padà jí lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀. Elijah kó àwọn ọmọ wá. Bándélé kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀.

"Mojí, ta ni mí?"

Obìnrin náà wò ó títí. "Ọkùnrin," ló wí jẹ́jẹ́. "Ó wọ dígí. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó ń sunkún."

"Orúkọ mi ńkọ́?"

Ó mi orí. Ó yíjú sí àwọn ọmọ tó bí. "Ọmọdé," ló wí. "Wọ́n wọ aṣọ iléèwé." Elijah kọjú sí ògiri.

Gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí ló ròyìn. Orúkọ ni kò mọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ orúkọ, ó kọ̀ láti ròyìn ohun tójú rí.

Ìwọ tó ń ka èyí, bó o bá jẹ́ ọ̀gá, má jẹ́ kí ìtìjú níwájú ọmọ tó o kọ́ sọ ẹ̀mí nù. Bó o bá sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́, dọ̀bálẹ̀ tàbí kó o kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n sọ ọ́. Adéyínká ṣì ń sunkún torí pé òun dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà tó ṣíwájú wa ti kìlọ̀ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.