Ilá Tó Ga Ju Onírè Lọ

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ọwẹ́wẹ̀, mo mú màámi lọ ká ilá lóko mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ilá náà ti ga ju òrùlé ahéré lọ.

Màámi gbójú sókè, ọ̀bẹ lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti sọ òwe di irọ́. Ilá kì í ga ju onírè lọ. Ta ni yóò ká eléyìí kó tó kó?"

"Ẹ kí wọn, Màámi. Bí mo ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn."

Màámi ṣíjú wò mí, ó sì kùn pé, "Ilá, ẹ káàárọ̀ o."

Gbogbo ilá oko náà rọra tẹ̀ba títí orí wọn fi kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ màámi.

"Ẹ ó dàgbà," ló wí.