Ìròyìn Ilé fún Daouda

Salamatou kì í ru iṣu púpọ̀ lọ sọ́jà Bassila. Bí ó bá ti di ọjọ́ tí kámíọ́n Shehu ń ti Kùmásì dé, iṣu mẹ́rin péré ló máa ń gbé láti Manigri, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yá. Ìròyìn ló kún ikùn rẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Daouda ọkọ rẹ̀ wà ní Kùmásì, nílẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bá wọn di obì sínú àpò. Shehu tí ń lọ ra obì níbẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun náà ló ń gbé èsì bọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí bàbá yìí dúró láàárín ọjà, tó ń bèèrè Salamatou aya Daouda, ará Manigri, igbá èlùbọ́ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀. Rissikatou, ọmọ Bassila tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ ń pàtẹ nígbà náà, ló bá a gbá a jọ. Ó ń rẹ́rìn-ín pé ayọ̀ fẹ́ pa ìyàwó oníyàwó. Salamatou kò rẹ́rìn-ín. Ó fa Shehu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bá ará Manigri mìíràn sọ ọ̀rọ̀ náà.

Daouda a fẹ́ gbọ́ gbogbo nǹkan. Ta ló bímọ? Ṣé òjò rọ̀? Ṣé wọ́n ṣì ń kó àwọn ọkùnrin lọ la ọ̀nà fún kọ̀máńdà Faransé? Issa tí wọ́n jọ dáko ńkọ́, kí ló dé tí kò fi kí òun? Bí Salamatou ṣe di olófòófó ní Manigri nìyẹn. A máa yà sóko Issa, a máa bi í léèrè iye ebè tó kọ àti orúkọ tó sọ ọmọ tuntun. Issa a dáhùn, ṣùgbọ́n ẹnu a máa yà á. Nígbà tó bá di ọjọ́ kámíọ́n, Salamatou a ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé Issa ní ó kú àtijọ́. Ọmọ rẹ̀ tuntun ń jẹ́ Djamilatou."

Òkú nìkan ni kì í fi ránṣẹ́. Ìmáàmù àgbà kú, ó ní ìmáàmù kí i. Ẹ̀gbọ́n Issa kú síbi ọ̀nà tí wọ́n ń là, ó ní ó wà lóko.

"Manigri yín yìí," ni Shehu wí lọ́jọ́ kan, "ṣé ẹnikẹ́ni kì í kú níbẹ̀ ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dárúkọ ikú sí i létí. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò."

Salamatou náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Kó tó kí bàbá náà dáadáa ni yóò ti ní, "Ṣé ará Manigri kankan kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún?" Bí Shehu bá ní rárá, Salamatou a mí kanlẹ̀, a wá bèèrè bóyá Daouda ń jẹun, bóyá ó sanra.

"Owú burúkú ni wọ́n fi bí ọ," ni Rissikatou máa ń wí. "Ẹ̀rù ń bà ọ́ kí ọmọbìnrin ìlú yín kan má lọ já a gbà."

Lọ́dún yìí, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, Shehu sọ̀ kalẹ̀, kò tilẹ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni.

"Ìyàwó, ọkọ rẹ ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ti kọ́ yàrá. Àyè rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú kámíọ́n, a ó gbéra kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní bí o kò bá bá mi wá, òun fúnra òun ń bọ̀ ní Manigri kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀."

Inú Salamatou dùn débi pé kò mọ ìgbà tó dìde. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ó sún mọ́ kámíọ́n, ó gbẹ́sẹ̀ lé e, ó sì tún gbé ẹsẹ̀ náà kúrò.

"Ẹ sọ fún un pé mo ti fẹ́ ẹlòmíràn."

"Kí lo wí?"

"Mo ti fẹ́ ẹlòmíràn, mo sì ti lóyún. Ẹ ní kó má wá. Bó bá wá, n kò ní jáde sí i. Kó fẹ́ ìyàwó sí Kùmásì, kó bímọ síbẹ̀."

Rissikatou pàtẹ́wọ́. "Háà! Oyún wo? Ọkọ wo? Salamatou, o mà burú o! Ọkùnrin tó ń wá ọ láti ọ̀nà jíjìn báyìí!"

"Ọ̀rọ̀ yìí á pa á," ni Shehu wí.

"Kò ní pa á." Omijé ti bo obìnrin náà lójú. "Ẹ ṣáà sọ ọ́ kó dùn ún. Kó má baà wá."

Shehu mi orí. Ó padà sídìí kámíọ́n rẹ̀. Rissikatou kó ọjà tirẹ̀, ó lọ pàtẹ síbòmíràn. Salamatou fi iṣu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé, ó ń sunkún lọ lójú ọ̀nà, kò bìkítà ẹni tó rí i.

Assana, ìyá Daouda, wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sá èso emi tí wọ́n fi ń ṣe òrí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ara rẹ̀ le, Ìyá. Ó ti kọ́ yàrá."

"Ṣé kò sọ pé òun ń bọ̀ nílé?"

"Kò ní bọ̀ mọ́. Mo ní mo ti lọ́kọ."

Ìyá àgbà dì í mú, ó fi í mọ́ra. "O ṣeun, ọmọ mi," ló wí. "O ṣeun, o ṣeun." Àwọn méjèèjì sunkún títí.

Wọ́n mọ̀, bí gbogbo Manigri ṣe mọ̀, pé àkúdàáyà a máa pòórá lójú ẹsẹ̀ tó bá rí ẹni tó mọ sàréè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n fi wẹ òkú Daouda kí wọ́n tó gbé e lọ sin, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.