Ibo Ni Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Geok Wà?

Ibùsùn mẹ́ta ló wà nínú yàrá náà, ní ilé ìwòsàn kan ní George Town, ìlú erékùṣù kan nílẹ̀ àwọn Maléè. Rokiah wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Valli wà láàárín, wọ́n ti gé nǹkan kúrò níkùn rẹ̀. Geok Hwa, tó dàgbà jù wọ́n lọ, ló wà lẹ́bàá fèrèsé. Òun nìkan ni dókítà kì í bá sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí yóò padà sílé. Èdè Maléè inú ọjà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀, àwọn ọmọ á wọlé. Hamdan, ọmọ Rokiah tó ń wa takisí, á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Á ní, "Mak," bí àwọn Maléè ṣe ń pe ìyá, á wá fi ẹnu kan ọwọ́ rẹ̀. Kuppusamy ọmọ Valli kì í dúró níbì kankan. "Amma, Amma," láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, àfi bíi pé ebi ń pa á. Lẹ́yìn wọn ni Bee Suan máa ń dé sọ́dọ̀ Geok láti òdìkejì omi, òun àti fúláàsì ìrẹsì olómi rẹ̀. Irun òun náà ti ń funfun.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì bi í pé, "Kí lẹ jẹ́ sí wọn?"

"Àǹtí ni mò ń pè wọ́n."

"Ẹ jọra o. Etí yín, etí kan náà ni."

"Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yàrá ṣe mọ̀ ọ́n sí ọmọ àbúrò Geok.

"Àǹtí, ẹ ti jẹun?" Ohun tó máa ń sọ kò ju ìyẹn lọ. Á jókòó, á fẹ́ ìrẹsì náà títí tí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, á máa fi ṣíbí bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà á fọ eyín àtọwọ́dá Geok, á nu àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, á ya irun rẹ̀. Á kó fúláàsì rẹ̀, á lọ wọ ọkọ̀ ojú omi.

"Ọmọ àbúrò yín yìí dáa," ni Rokiah wí lọ́jọ́ kan. "Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò bímọ ni?"

"Mo bímọ. Ọ̀kan. Obìnrin."

"Ó ti kú?"

"Ó wà láàyè. Ó ń jẹun dáadáa."

"Ó ń jẹun dáadáa, kò wá wo ìyá ẹ̀." Rokiah yíjú sí Valli. "Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Valli wí. "Tèmi yìí, ariwo ló mọ̀. Àmọ́ ó ń wá."

"Kí tiẹ̀ ni ìtumọ̀ Kuppusamy?"

"Ààtàn ni. Mẹ́ta ló kú kí n tó bí i. Ìyá ọkọ mi ní ká sọ ọ́ ní ààtàn, kí ikú lè gbójú kúrò lára ẹ̀."

"Ẹ wo ààtàn tó sanra báyìí." Rokiah rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kuppusamy tó jókòó ti ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ pa ikùn rẹ̀.

Geok kò rẹ́rìn-ín. "Ó ṣáà ṣiṣẹ́," ló wí.

Nígbà tó yá, ìrẹsì kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ṣíbí kan á wọlé, ààbọ̀ rẹ̀ á padà jáde. Dókítà ní kí wọ́n sọ fún àwọn ẹbí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ibi tí ọmọ yẹn ń gbé," ni Rokiah wí. "Hamdan á fi takisí gbé e wá. Bó jẹ́ Johor náà ni."

"Kò jìnnà."

"Ìyẹn ló tún wá burú jù."

"Fi ọmọ mi sílẹ̀. Kò ṣẹ̀ mí."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ kó pè yín ní ìyá kẹ́ ẹ tó lọ ni?"

Geok wo fèrèsé. "Mo fẹ́," ló wí. "Pé mo fẹ́ ẹ, ìyẹn ò ní kí n gbà."

Valli gbé tirẹ̀ gba ibòmíràn. Nígbà tí Bee Suan dé, ó fọwọ́ pè é mọ́ra. "Ìwọ ṣáà pè é bí ọmọ ẹ̀ ì bá ṣe pè é. Ojú ẹ̀ ti ń lọ, kò ní mọ̀. Báwo lẹ ṣe ń pe ìyá ní tiyín?"

Bee Suan padà sídìí ibùsùn Geok, ó ń da ìrẹsì sínú abọ́. Kuppusamy tó dàgbà sáàárín àwọn Hokkien, ẹ̀yà Geok, ló bá a dáhùn. "Ah Bu," ló wí.

Geok, tí kò gbé apá láti àná, gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ gbá abọ́ ìrẹsì dànù. "Má pè é," ló wí fún Bee Suan. "O gbọ́? Má pè é."

"Mi ò ní pè é, Àǹtí." Bee Suan bẹ̀rẹ̀, ó ń nu ilẹ̀.

"Ẹ ò rí i," ni Rokiah ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ṣì ń bá aláìmoore yẹn tọ́jú orúkọ náà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Geok kú nígbà tí Bee Suan ń ya irun rẹ̀ lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì dé, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wo aago.

"Kò wá," ni Rokiah ń wí, ó ń sunkún. "Kò mà wá."

Bee Suan ya irun náà tán. Ó ti eyín àtọwọ́dá bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó pa ẹnu náà dé.

"Ó ti lọ tán?" ló bi nọ́ọ̀sì.

"Ó ti lọ, Àǹtí."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Nígbà náà ló fẹnu sún mọ́ etí Geok, ó ní, "Ah Bu," ọ̀rọ̀ tí aríran tẹ́ńpìlì ti kìlọ̀ lọ́jọ́ tí Geok bí i pé kò gbọdọ̀ fi pe ìyá rẹ̀ láyé, àfi bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kú.