Abẹ́rẹ́ Bíńgò

Dókítà ẹran gbé ìwé èsì sórí tábìlì níwájú tọkọtaya tó ni Bíńgò, ó ní jẹjẹrẹ ni. Kókó tí òun gé lábẹ́ abíyá Bíńgò kò ju ẹ̀wà lọ, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Abẹ́rẹ́ mẹ́fà ni ajá náà máa gbà, ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta.

"Tẹ́ ẹ bá tètè bẹ̀rẹ̀, ó lè yè é. Tó bá fi pé oṣù mẹ́rin, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́."

Ọkọ ò jiyàn èsì, torí òun fúnra rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà ṣe. Yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ogún ọdún ló ti ń gé ẹran ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kì í gba ti ẹranko níbẹ̀, ló bá kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sára ìgò tí kókó Bíńgò wà. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n gé kókó kan lábíyá ìyàwó, ìgò tirẹ̀ sì pẹ́ kó tó ti yàrá iṣẹ́ abẹ dé. Nígbà tí èsì jáde, ọkọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ìwé méjèèjì, orúkọ ìyàwó ló wà lára àwọn méjèèjì. Ti àkọ́kọ́, ọ̀rá lásán: ó fún ìyàwó. Ti ìkejì, jẹjẹrẹ: ó ní ti ajá nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́la," ni ìyàwó wí fún dókítà ẹran.

"Ajá ọdún mẹ́sàn-án?" Ọkọ ti dìde. "A ó kàn fìyà jẹ ẹ́ kó tó kú ni. A ò ṣe."

"Ọjọ́ tó bá kan èmi náà, ohun tẹ́ ẹ máa sọ nìyẹn?"

"Má fi ara rẹ wé ajá."

Tíṣà ni ìyàwó, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá olóríkunkun gbé. Láti ọjọ́ náà, á gbé abọ́ kalẹ̀ gbàgà, á ní "Ẹ jẹun," ó parí. Inú ń bí i dé eegun. Bíńgò ní tirẹ̀ ń jẹ, irun dúdú ara rẹ̀ ń dán, ó ń lé gbogbo kẹ̀kẹ́ tó bá kọjá.

"Bí àtùpà tó fẹ́ kú ṣe ń tàn yòò náà nìyẹn," ni ọkọ wí.

Síkẹ́ẹ̀tì ìyàwó di èyí tó ń fi pín-ìn-nì há ní ìbàdí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ ní kíláàsì.

"Ìbínú ló ń jẹ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni ọkọ wí. "Jẹun."

"Kí n jẹun kí n lè rágbára sin ajá mi, àbí?"

Nígbà tó pé oṣù karùn-ún, ìyàwó nìkan mú ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Bó ṣe padà wọlé, ó sọ okùn ọrùn ajá lu ilẹ̀.

"Ara Bíńgò dá ṣáṣá! Wọ́n ya fọ́tò àyà ẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń sunkún lórí irọ́ rẹ!" Kò pè é ní "ẹ" mọ́.

"Èmi kì í ṣàṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́ mi."

"O ṣe é!" Ikọ́ gbà á, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

Inú bí ọkọ náà. Ogún ọdún, kí ajá wá ba òun lórúkọ jẹ́! Ó padà síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án náà, ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó kó gíláàsì méjèèjì jáde: òun á fi ẹ̀rí dí obìnrin yìí lẹ́nu. Ó kọ́kọ́ gbé ti ìyàwó sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, kó lè tètè yọ ọ́ kúrò lọ́nà.

Ní eteetí ọ̀rá náà, awọ tín-ínrín kan wà, irun dúdú mẹ́fà sì jáde pọ̀ láti inú ihò kan ṣoṣo, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi ti ènìyàn, bí irun ajá ṣe ń hù gan-an ni.