Akọ Dúdú Ilé Fàsásì

Ṣé ẹ ti rí ẹni tí ẹ̀rù màlúù ń bà, tó jẹ́ pé ojú màlúù náà ni kò lè wò, tí kò sì náání ìwo rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni Èjìdé rí ní ilé Fàsásì ní Bẹ́yẹrúnkà, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn dé Òkè Ọya.

Fàsásì ló ni agbo màlúù tó wà lẹ́yìn ilé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn alápatà Ọjà'ba ti ń ra ẹran. Yésúfù àbúrò rẹ̀, ọkọ Èjìdé, ló ń tọ́jú wọn, títí di òwúrọ̀ tí wọ́n bá a nílẹ̀ nínú ọgbà ẹran, tí orí rẹ̀ ti fọ́. Èjìdé ló kígbe. Ó ní akọ dúdú ló fi ìwo kàn án. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kejì. Wọn ì bá ti pa akọ dúdú lọ́jọ́ náà gan-an, àmọ́ òun nìkan ni akọ tó dàgbà, àwọn abo sì ń wá akọ. Láti ìgbà náà, tí Èjìdé bá ń da èèpo iṣu fún wọn, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń kọ sí wọn. Ará ilé ní ẹ̀rù ìwo ni.

Ní báyìí, akọ pupa tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin gbé wá láti Òkè Ọya ti dàgbà. Fàsásì ránṣẹ́ pe Bàbá Gàfárù, arúgbó kan ní Pópó Yemọja tó mọ màlúù bí ẹni mọwó, pé kó wá yan èyí tí yóò máa gun agbo. Èyí tí kò bá yàn, ọ̀bẹ ni, kí Iléyá tó dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí arúgbó náà ń bọ̀, Èjìdé lọ bá Àtọ́kẹ́, ìyàwó Fàsásì.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi lọ́mọ odó."

Àtọ́kẹ́ rẹ́rìn-ín. "Láti ìgbà tí Yésúfù ti lọ lo ti ń yá tèmi. Tìẹ ńkọ́? Àbí o sin ín mọ́ ọkọ ẹ ni?"

"Ó ṣẹ́ ni, ìyálé mi."

Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbà á. Apá òsì rẹ̀ kì í nà tán. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Yésúfù sọ fún ará ilé pé ìyàwó òun ṣubú lódò ni.

"Wá wo bí ẹ̀rù ṣe ń bà ẹ́," ni Àtọ́kẹ́ wí. "Fọkàn balẹ̀, jàre. Apànìyàn yẹn ò ní kọjá òní."

Èjìdé gbé ọmọ odó náà wọlé lọ.

Bàbá Gàfárù dé, ó ní "Bísímílà," ó sì bọ́ sínú ọgbà. Èjìdé dúró lẹ́yìn ọgbà pẹ̀lú igbá èèpo iṣu. Àdúrà tó ń gbà kò kọjá ètè.

Akọ pupa ni arúgbó náà kọ́kọ́ wò. Ẹran náà ga, ó sanra, iké rẹ̀ yọ bí òkè Màpó.

"Ẹ wo ọmọkùnrin!" ni Fàsásì wí. "Àwọn alápatà á máa jà lórí ọmọ ẹ̀."

Gàfárù tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó mú kó rìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹpọ̀n rẹ̀. "Ọ̀kan tóbi ju ọ̀kan lọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ò sì tọ́. Báyìí náà ni wọ́n á ṣe máa bí wọn. Akọ kan ló ń di gbogbo agbo, Fàsásì."

Akọ pupa ta á nípàá. Díẹ̀ ló kù kó bá a lórúnkún.

"Ìwà ẹ̀ náà nìyẹn."

Ó wá kọjú sí akọ dúdú. Èjìdé di igi ọgbà mú. Àtọ́kẹ́ pariwo pé kí wọ́n kọ́kọ́ dè é lókùn, àmọ́ arúgbó náà ti wà lẹ́yìn ẹran náà. Ó fa ìrù rẹ̀, ó wo ẹpọ̀n rẹ̀, ó ya ẹnu rẹ̀ wo eyín. Akọ dúdú dúró, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Lẹ́yìn náà ló di ìwo rẹ̀ mú. Ìwo méjèèjì tẹ̀ wálẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí etí ajá tó sùn, wọ́n sì ń mì bó ṣe fọwọ́ kàn wọ́n. Gàfárù pẹ́ nídìí ìwo náà.

"Ká ní tèmi ni, èyí ni mo máa yàn."

"Èyí tó pa àbúrò mi? Kó wá máa bí apànìyàn kún ilé mi?"

"Akọ tó bá ti pa èèyàn, mi ò ní yàn án, kó tiẹ̀ fi wúrà ṣe bàtà. Àmọ́ ìwo tó ń mì báyìí kọ́ ló ń fọ́ orí èèyàn, ìdí tí mo fi fẹ́ bèèrè nìyẹn." Ó yíjú sí Èjìdé. "Ọmọ mi, ìwọ lo rí i. Ṣé èyí ló kàn án?"

Gbogbo ojú yí sí i. Fàsásì ti mú okùn dání. "Bẹ́ẹ̀ ni" ti wà lórí ahọ́n Èjìdé. Tó bá ti sọ ọ́, ó parí, yóò wọlé lọ gún iyán rẹ̀.

"Dá wọn lóhùn," ni Àtọ́kẹ́ wí. "Má bẹ̀rù ẹ̀ mọ́."

Akọ dúdú gbọ́ òórùn èèpo iṣu. Ó rìn wá sí ẹ̀bá ọgbà, ó na ọrùn sí i. Èjìdé wo ojú rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ lé e níwájú orí, ó sì san ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún un, pé kò ní kú sí ọ̀ràn òun, nínú ọgbà yìí kan náà, ní òwúrọ̀ tí ààbọ̀ ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀: "Bàbá, kì í ṣe màlúù."